Ọjọ́ mẹ́rin ní Ifẹ̀: ọmọ mi, Angola Hall, àti erékùṣù tí òùngbẹ lé èèyàn kúrò lórí rẹ̀

Ọjọ́ Ajé

Aago márùn-ún ìdájí kọjá díẹ̀ nígbà tá a kúrò ní Ìsẹ́yìn. Ẹrù ọmọ ju ọmọ lọ: fóòmù tá a ká, tá a fi okùn dì gírígírí, báàgì Ghana-must-go méjì, sítóòfù kékeré, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, garawa kan. Ìyá rẹ̀ ní ká mú garawa méjì, èmi ní ọ̀kan ti tó, ṣé ó fẹ́ lọ máa pọn omi tà ni? Ó wò mí, kò fèsì. Obìnrin tó ti bá èèyàn gbé lọ́dún mẹ́tàlélógún mọ ìgbà tí èsì kò wúlò.

Fàrúkù ni àkọ́bí wa, òun náà ló sì kọ́kọ́ wọ yunifásítì nínú ilé wa. Èmi, pọ́ḿbà ni mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ omi kí n tó fẹ̀yìn tì. Kò sí ilé tí mo wọ̀ tí ojú mi kì í kọ́kọ́ wá ibi tí páìpù gbà wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ló fa gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí.

A gba Ọ̀yọ́ dé Ìbàdàn, a wọ ọkọ̀ mìíràn ní Ìwó Road. Ní Aṣéjìrẹ́, mo jí Fàrúkù pé kó wo bí wọ́n ṣe dí odò Ọ̀ṣun kí àwọn ará Ìbàdàn lè rí omi mu. Ó la ojú kan, ó ní, "Bàbá mi, mo ti rí i," ó tún sùn lọ. Ní Ìkirè, kí ọkọ̀ tó dúró tán ni àwọn ọlọ́dòdò ti bo fèrèsé. Mo ra dòdò Ìkirè, ó dúdú, ó rọ̀, ata rẹ̀ ta dé etí. Ìyẹn ló lé oorun lójú ọmọkùnrin náà.

A dé géètì yunifásítì kí aago mọ́kànlá tó lù. Ìlà títò, ìwé títẹ̀, fọ́tò pélébé pélébé: mi ò ní fi ìyẹn dà yín láàmú. Nígbà tí oòrùn yẹ̀ díẹ̀ ni Fàrúkù mú ìwé kan bọ̀: Angola Hall ni wọ́n fún un, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí. Mo jókòó sábẹ́ igi níta, mò ń ṣọ́ ẹrù, òun ń kó wọn wọlé díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó padà wá gbé garawa, ó dúró.

"Bàbá mi, kí ló pa Àǹgólà pọ̀ mọ́ Ifẹ̀?"

Ó yà mí lẹ́nu pé kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé wọn ò tíì bí ìyá rẹ̀ pàápàá nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn gbóná. Mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1975. Bí ìròyìn bá ń lọ lórí rédíò, bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mí sókè. Mòsáńbíìkì gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Potogí ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún yẹn, Àǹgólà gba tirẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá. Ṣùgbọ́n ti Àǹgólà ò bá tayọ̀ wá. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ń bá ara wọn jà, MPLA, FNLA àti UNITA, àwọn ọmọ ogun ìjọba aláwọ̀ funfun ti South Africa sì ti gba ìsàlẹ̀ wọlé. Lẹ́nu àwọn àgbà ilé wa nígbà náà, orúkọ Àǹgólà dà bí orúkọ mọ̀lẹ́bí kan tó wà lórí àìsàn. Bí àlejò bá wọlé, lẹ́yìn kíkí, wọn á béèrè: Àǹgólà ńkọ́? Ṣé ohun ìyanu ni pé orúkọ yẹn wá gun ara ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ifẹ̀, tí Mozambique Hall sì wà fún àwọn obìnrin?

Ọmọ ayé òde òní, ìtàn kì í tán lójú wọn àfi tí wọ́n bá rí i lórí fóònù. Ó ṣí máàpù, èyí tí wọ́n fi sátẹ́láìtì yà látojú ọ̀run. Ó fi ìka tẹ̀ lé etí òkun Àǹgólà láti Luanda lọ sísàlẹ̀, ilẹ̀ ń gbẹ, àwọ̀ ewéko ń tán, títí ó fi ku iyanrìn nìkan. Ó dúró.

"Bàbá mi, ìlú kan rèé láàárín òkun. Kò sí ọ̀nà tó lọ síbẹ̀."

Mo gba fóònù. Lóòótọ́ ni. Erékùṣù gbọọrọ kan, iyanrìn ni gbogbo ara rẹ̀, àmì ilé sì tò létí omi. Kò sí ọkọ̀, kò sí ojú ọ̀nà, kò sí igi kan ṣoṣo. Ilha dos Tigres ni orúkọ rẹ̀, Erékùṣù Ẹkùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí irú ẹkùn tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbikíbi nílẹ̀ Áfíríkà. Fàrúkù ń kà á sókè, mo ń gbọ́. Erékùṣù tó tóbi jù ní Àǹgólà ni, kìlómítà onígun-mẹ́rin 98, kò sì sí ẹ̀dá kan tó ń gbé orí rẹ̀. Ìlú apẹja ni tẹ́lẹ̀, São Martinho dos Tigres. Ilẹ̀ náà kì í ṣe erékùṣù nígbà náà. Ọrùn iyanrìn tóóró kan ló so ó mọ́ orí ilẹ̀. Láti ẹnu odò Cunene, tó jẹ́ ààlà Àǹgólà àti Nàmíbíà, ni páìpù ti ń gbé omi mímu wá fún wọn. Lọ́dún 1962, òkun já ọrùn iyanrìn náà. Páìpù bá a lọ.

Mo ní kó tún ibẹ̀ kà. Ó tún un kà. Mo ní kó tún un kà.

Ẹ wò ó, bí mo ṣe mọ páìpù nìyí: kì í ṣe òun ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ló máa ń lọ. Iyanrìn á yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, páìpù á wà lófuurufú láìsí ohun tó gbé e, ìwúwo omi inú rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ojú àsopọ̀ á yẹ̀. Mo ti dúró létí irú ihò bẹ́ẹ̀ lóru ju ìgbà kan lọ, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, tí ìyá ìkókó kan ń bi mí pé, "Ọ̀gá, ìgbà wo ló máa yọ?" Mo máa ń ní, "Ilẹ̀ á mọ́, á yọ." Ta ló dáhùn fún àwọn ìyá ìkókó Tigres? Òkun ló wà níwájú wọn, òkun ló wà lẹ́yìn wọn, wọn ò sì rí ife omi kan bù mu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ilé àlejò tí mo sùn, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ní aago mẹ́rin ààbọ̀ mo fẹ́ ṣe àlùwàlá, mo yí ẹ̀rọ omi. Ó húkọ́. Ó tu afẹ́fẹ́. Ó kán tó-tó lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́. Mo kan ilẹ̀kùn ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀, ó fi ojú oorun sọ fún mi pé, "Bàbá, ẹ ra píọ́ wọ́tà, ẹ fi wẹ̀." Píọ́ wọ́tà mélòó ni èèyàn ó ja lórí kí ara tó mọ́?

Mo ní kó fi àkàbà hàn mí. Mo gun òkè lọ sídìí táńkì. Omi wà nílẹ̀, nínú èyí tó wà nísàlẹ̀. Páǹpù ò kàn mọ̀ pé tòkè ti gbẹ ni. Bọ́ọ̀lù tó máa ń léfòó lójú omi ti há sábẹ́ páìpù kan tí ẹnì kan là gba ibẹ̀ láìronú, ó dúró sókè gbagidi bí ẹni tí táńkì kún fún. Mo fi ọwọ́ yọ ọ́. Ó já bọ́ tọ̀ọ́, páǹpù bú lábẹ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ò pé. Nígbà tó di àárọ̀, wọ́n gba owó mi pé pérépéré, kò sí ẹ̀dínwó, kò sí ẹ ṣé. Mo gbà fún Ọlọ́run.

Mo rí Fàrúkù ní aago mẹ́wàá. A rìn káàkiri. Àwọn ilé yẹn ṣì wu èèyàn wò: Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé láti Ísírẹ́lì, ló ṣáájú àwọn tó ya púpọ̀ nínú wọn, ó sì fi òkè ṣe ibòji fún ìsàlẹ̀, kí atẹ́gùn lè máa gba àárín kọjá. Mo ṣàkíyèsí ibi tí òjò ń gbà wálẹ̀ láti orí òrùlé. Fàrúkù ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

A gba ibi tí wọ́n ń pè ní Murtala Muhammed Hall, níbi tí àwọn tó ń kàwé lé ìwé ń gbé. Mo fa ogún náírà kan yọ lápò, ọ̀kan nínú àwọn tó ti gbó mọ́ mi lọ́wọ́, mo fi ojú ọkùnrin náà hàn án. Mo ní: ẹni tó mú kí Nàìjíríà gbà pé MPLA ni ìjọba Àǹgólà nìyí, ní oṣù kọkànlá 1975. Ní oṣù kìíní 1976 ó lọ sí Addis Ababa, sí ìpàdé àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Orílẹ̀-èdè 22 fara mọ́ MPLA, 22 ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ṣe ìjọba. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn tó gbọ́ ọ ò gbàgbé. Oṣù kan lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Ẹtì, 13 February, wọ́n yìnbọn pa á nínú ọkọ̀ rẹ̀ l'Ékòó. Wọ́n lé wa sílé láti ilé-ẹ̀kọ́. Bàbá mi ò pa rédíò rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Fàrúkù ronú díẹ̀. Ó ní, "Kí ni wọ́n ń pe àjọ náà nígbà yẹn?"

"OAU, Organisation of African Unity."

Ó yíjú, ó wo bọ́ọ̀dù ńlá tó wà lẹ́yìn wa, ó bú sẹ́rìn-ín. Lóòótọ́, ọdún 1987 ni wọ́n tó sọ yunifásítì náà lórúkọ Olóyè Awólọ́wọ̀, Obafemi Awolowo University, ó kàn jẹ́ pé lẹ́tà mẹ́ta yẹn ló bọ́ sí i. OAU ni wọ́n ti jà fún Àǹgólà, OAU ni Angola Hall wà. Ẹ jẹ́ kí n gbádùn ìyẹn díẹ̀, àwọn pọ́ḿbà náà máa ń fẹ́ràn kí nǹkan bára mu.

Èyí tó tún wá bá mi lára ju ìyẹn lọ ni ti ọdún. Ní oṣù kẹwàá 1962 ni yunifásítì yìí kọ́kọ́ gba akẹ́kọ̀ọ́, àwọn 244, ní Ìbàdàn; January 1967 ni wọ́n tó kó wá sí Ifẹ̀. Ọdún tí àwọn kan ń palẹ̀ mọ́ láti kó ọmọ wọnú ilé tuntun, òkun ń já àwọn mìíràn kúrò nínú ilé wọn ní Tigres.

Níbi tá a ti ń jẹ ìrẹsì, màmá kan láti Ìjẹ̀bú jókòó tì wá, òun náà mú ọmọ rẹ̀ wá sí Mozambique Hall. Fàrúkù, tí ojú ti ń là, ní kí òun wá erékùṣù tiwọn náà fún wọn. Ó rí Bassas da India, nínú òkun tó wà láàárín Mòsáńbíìkì àti Madagásíkà. Èyí ò tilẹ̀ tó ohun tí à á pè ní ilẹ̀. Òrùka àpáta ni, bí òkun bá kún ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán, òkúta mélòó kan ló ń yọrí. Ilẹ̀ Faransé ló mú un dání, Madagásíkà ní tòun ni. Lọ́dún 1585 ni ọkọ̀ ojú omi Potogí kan, Santiago, forí sọ ọ́. Màmá náà gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá Fàrúkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi gbọ́ èyí, kò mọ̀wẹ̀." A rẹ́rìn-ín títí.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo béèrè ohun tí mo ti ń wá láti àárọ̀: níbo ni omi ibí ti ń wá? Wọ́n júwe fún mi. Odò Ọ̀pá ni wọ́n dí nínú ilẹ̀ yunifásítì fúnra rẹ̀, omi sì tẹ́ sílẹ̀ bí adágún, igi yí i ká. Mo dúró síbẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Ẹyẹ funfun kan ń rìn ní etí omi bí olùdarí iṣẹ́. Kò sí ẹni tó máa mọ ohun tí mò ń ṣe níbẹ̀ àfi ẹni tó ti gbọ́ ìbéèrè ìyá ìkókó lóru. Odò ilé ni. Kò sí ọrùn iyanrìn kankan láàárín òun àti ọmọ mi.

Ọjọ́rú

Fàrúkù ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọmọ tuntun, ó ní kí n má wá. Mo bá lọ sí ìgboro. Mo wọ ọkọ̀ dé Lágere, mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Ẹnuwá.

Mo kí màmá arúgbó kan tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ nítòsí ààfin. "Ẹ kú ọjà o, màmá." "A dúpẹ́ o, Alàájì, ẹ wá rà fún ìyàwó." Mo rà. Nígbà tó ń ká a sí ọ̀rá, mo bi í bóyá ìlẹ̀kẹ̀ yìí ṣì ń wá láti Ifẹ̀. Ó ní tàtijọ́ ni, ó nawọ́ sí ọ̀nà Igbó Olókun. Àwọn tó ń walẹ̀ wá ohun àtijọ́ ti yẹ ibẹ̀ wò: àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ló ń yọ́ gíláàsì níbẹ̀, láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15, wọ́n sì fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Òyìnbó Jámánì kan, Frobenius, dé ibẹ̀ lọ́dún 1910, ó gbẹ́ ilẹ̀, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára ohun tó rí.

"Ṣùgbọ́n màmá," mo ní, "Olókun ló ni òkun. Òkun wo ló wà ní Ifẹ̀?"

Ó wò mí bí ẹni tó béèrè ohun tí ọmọdé mọ̀. Ó ní: ṣebí omi ni gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, ọwọ́ rẹ̀ ò sì kúrò lára ìlẹ̀kẹ̀ tó ń sín. Ọbàtálá ni Olódùmarè rán, ẹmu dá a dúró lọ́nà, oorun gbé e lọ. Odùduwà gba àpò, ó fi ẹ̀wọ̀n sọ̀kalẹ̀, ó da iyẹ̀pẹ̀ inú ìkarahun sójú omi, ó gbé adìẹ oníka-márùn-ún lé e. Adìẹ ń tàn án, ilẹ̀ ń fẹ̀. Ibi tó ti kọ́kọ́ fẹ̀ ni Ifẹ̀.

Mùsùlùmí ni mí, ìtàn sì ni ìtàn. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí. Ìkúùkù iyẹ̀pẹ̀ kan lójú agbami, kò sí ọ̀nà, kò sí igi, kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Kí ni ìyẹn bí kò ṣe ohun tí Fàrúkù fi hàn mí lórí fóònù ní Ọjọ́ Ajé? Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ti Ifẹ̀, iyanrìn ló lé omi. Ti Tigres, omi ló lé iyanrìn. Mo sọ ìtàn erékùṣù náà fún màmá, bí mo ṣe lè sọ ọ́. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó mi orí.

Ó ní, "Wọn ò ní adìẹ."

Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ọ̀nà Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Òkúta yẹn ga ju bí fọ́tò ṣe ń sọ lọ, ó lé ní mítà márùn-ún. Mo wò ó, mo yà fọ́tò kan fún ìyá Fàrúkù, mo kúrò níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ń ro mí. Ní ọjà, mo ra garawa kejì.

Ọjọ́bọ̀

Fàrúkù sìn mí dé géètì. Mo fún un ní garawa, kò bi mí léèrè. Ó kàn fi ẹnu ṣe bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e dání. Mo fún un ní ike kékeré kan pẹ̀lú: wọ́ṣà mẹ́rin, tépù funfun tá a fi ń dí ojú páìpù, sípánà kékeré kan. Ó ní, "Bàbá mi, wọ́n ní pọ́ḿbà níbí." Mo ní mo mọ̀. Ó gbà á.

Mo sọ fún un pé kó má sùn ní kíláàsì, kó máa kírun, kó máa pe ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá mi," ó dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tuntun, ẹ̀wù funfun ló sì wọ̀. Mo gbé e dìde kíá.

A ti kọjá Gbọ̀ngán kí fóònù mi tó dún. Fọ́tò ló fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: ibi tí ọrùn iyanrìn Tigres wà tẹ́lẹ̀, omi búlúù nìkan ló wà níbẹ̀ báyìí, ìlà funfun ìgbì sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Lábẹ́ rẹ̀ ó kọ ọ́ pé: "Bàbá mi, tí wọ́n bá fẹ́ tún páìpù náà ṣe, ẹyọ mélòó ló máa gbà?"

Mo rò ó lórí títí a fi dé Ìkirè. Ẹyọ páìpù tá a máa ń lò jẹ́ mítà mẹ́fà. Mo kọ ọ́ fún un pé kìlómítà kan ṣoṣo gba ẹyọ 167, láìka sọ́kẹ́ẹ̀tì tá a fi ń so wọ́n pọ̀, kó wọn ìyókù lórí máàpù.

Ní Aṣéjìrẹ́ ó dáhùn. Ó ní òun ti ń wọ̀n ọ́n.